Yèyé Tí Í Béèrè Ọ̀rọ̀ Lẹ́ẹ̀mejì

Òjò ti ṣú láti ìdájí ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò rọ̀. Atẹ́gùn kò fẹ́. Iná tí mo dá láti fi se omi ìwẹ̀ Yèyé, èéfín rẹ̀ kò gòkè, ó kàn dùbúlẹ̀ sí àgbàlá bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ooru mú lábẹ́ ṣíṣú yẹn débi pé àwọn adìyẹ la ẹnu sílẹ̀. Gbogbo Ilare, àdúgbò wa, ń wòkè, wọ́n ń sọ pé yóò rọ̀, yóò rọ̀. Yèyé nìkan ni kò wòkè. Ó ti wẹ̀, ó ti mu ẹ̀kọ, ó ti wé gèlè. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa ń jókòó, ó kọ ẹ̀gbẹ́ kan sílé, ó kọ ẹ̀gbẹ́ kan síta, ó ń dúró de Gàníyù.

Gàníyù ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin kan láti ilé iṣẹ́ rédíò. Wọ́n fẹ́ kí Yèyé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún gbogbo ìlú ohun tí àwọn ènìyàn wí nígbà tí òun àti àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní ìyá abéèrè lọ bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ dìbò fún gẹ́gẹ́ bí alága ìjọba ìbílẹ̀. Gàníyù wà lára àwọn tó ń du ipò náà. Yèyé ló tọ́ ọ dàgbà. Ó fẹ́ kí Yèyé sọ pé òun ló wà níwájú, òun kọ́ ló sì wà níwájú. Èmi mọ̀. Yèyé mọ̀. Gàníyù fúnra rẹ̀ mọ̀, nítorí Yèyé ti ránṣẹ́ pè é ṣáájú ọjọ́ yẹn, ó ti sọ ọ́ fún un ní yàrá.

Ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n síbẹ̀ ná, màá padà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí kò bá mọ Yèyé kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Yèyé ti lọ báyìí. A ti sin ín, a ti jẹ, a ti mu, àwọn àlejò ti padà sí ilé wọn, ilé sì wá pa rọ́rọ́. Àwọn ọmọ mi ní kí n kọ ohun tí mo bá rántí kó tó sọnù. Ìwé márùn-ún péré ni mo kà, ẹ bá mi fojú fo ibi tó bá wọ́. Yèyé bí ìyá mi, ìyá mi bí mi, èmi náà ti ní ọmọ ọmọ, abẹ́ òrùlé kan náà ni èmi àti Yèyé sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún.

Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn ni pé ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo jí, tó o ní a dúpẹ́, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò wò ọ́ láti òkè dé ilẹ̀, yóò tún ní, ṣé dáadáa lo jí? Ìgbà yẹn ni ẹnu àwọn ènìyàn máa ń là. Wọn á ní ọmọ kò sùn mọ́jú. Wọn á ní ọkọ kò délé. Ìyàwó tuntun kan gbé oúnjẹ wá kí i lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ ní kò sí wàhálà rárá, ilé ọkọ òun tutù. Nígbà tí Yèyé béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó sunkún débi pé mo ní láti gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọbẹ̀ má baà dànù. Lẹ́yìn tó lọ, mo bi Yèyé pé kí ló dé tí kì í kúkú béèrè ti ẹ̀ẹ̀kejì yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, kó yé dá àwọn ènìyàn dúró. Ó ní, “Àkọ́kọ́, ti ìkíni ni. Èkejì ni tèmi.”

Kò lè fara da ọ̀rọ̀ tó rí wúruwùru. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàrin òun àti aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa nìyẹn, ìjà tí kò parí títí ọkùnrin náà fi kó kúrò ládùúgbò. Yèyé fún un ní aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá lọ wò ó, ọkùnrin náà á ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Màmá, ó kù díẹ̀ báyìí. Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, ọjọ́ ìyàwó pé. Ògbólógbòó aṣọ tó ti ṣá ni Yèyé wọ̀ lọ. Ó bá ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà kọjá, ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ lè rí òun. Aránṣọ ní kí Màmá má bínú. Yèyé ní òun ò bínú, òun kàn wá fi aṣọ tó rán han àwọn oníbàárà rẹ̀ ni: “Ẹ wò ó dáadáa. ‘Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́’ ni mo wọ̀ yìí.”

Obì ló tà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ó máa ń lọ ra gbàǹja lóko, ó sì máa ń kó o lọ fún àwọn oníṣòwò ará òkè Ọya ní Sábó. Ó gbọ́ Hausa débi pé ó lè fi bú ènìyàn. Kékeré ni mo wà tí mo ti ń bá a lọ sóko, mo sì rí i bó ṣe ń ra ọjà. Àwọn àgbẹ̀ kan máa ń to obì tó tóbi tó ń dán sókè apẹ̀rẹ̀, èyí tí kòkòrò ti bá jẹun á sì wà nísàlẹ̀. Yèyé kì í wo òkè. Yóò ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ apẹ̀rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, yóò mú díẹ̀ nísàlẹ̀, díẹ̀ láàrin, díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò là wọ́n. Ohun tó bá bá nínú ìwọ̀nba yẹn ló fi ń mọ gbogbo rẹ̀. Àgbẹ̀ kan bínú sí i lójú mi. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ti mọra, ṣé Màmá ò gba òun gbọ́ ni? Yèyé kò yọ ọwọ́ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Mo gbà ọ́ gbọ́. Obì yìí ni mi ò tíì bá sọ̀rọ̀.”

Òun náà ló ṣe olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní wọ́ọ̀dù wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, ẹgbẹ́ gbogbo ló jọra níbi ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Tí ìbò bá ń bọ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ á ní kí olórí wọ́ọ̀dù sọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Olórí wọ́ọ̀dù á ní ilẹ̀ ti dúró, tiwa ni gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà á rẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀dọ́ á máa fò sókè. Ní ìbò kan báyìí, wọ́n ti jó, wọ́n ti yọ̀, ká tó kà á. Nígbà tí wọ́n kà á tí kò bọ́ sí ọ̀dọ̀ wa, kí ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ sọ? Wọ́n ní wọ́n jí i ni. Àdá jáde. Ṣẹ́gun, ọmọ mi, tí kò bá ẹgbẹ́ kankan ṣe, ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó ko wọ́n lójú ọ̀nà. Wọ́n ṣá a lẹ́sẹ̀. Títí di òní, ẹsẹ̀ kan ló fi ń rìn, èkejì ló ń wọ́.

Ọsibítù ni olórí wọ́ọ̀dù ti wá kí wa. Yèyé bi í pé nígbà tó sọ pé ilẹ̀ ti dúró, ta ló bi? Ọkùnrin náà ní àh, Yèyé, gbogbo ènìyàn ló mọ̀. Yèyé tún bi í. Ó wá ní àwọn ò bi ẹnikẹ́ni, àwọn ò kàn fẹ́ kí ọkàn àwọn ọmọ rẹ̀wẹ̀sì ni. Yèyé na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ Ṣẹ́gun tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Ó ní, “Irọ́ ló ṣá ọmọ yìí. Àdá kàn gbé e dé ibẹ̀ ni.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ipò sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. A rò pé yóò jókòó sinmi. Kò sinmi. Ó pe àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ti ń ṣe ẹgbẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ó pe àwọn tí wọ́n wà ní ẹgbẹ́ kejì, ó pe àwọn tí wọn kì í ṣe òṣèlú rárá, àwọn ará Iremo, àwọn ará Sábó, àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ yunifásítì méjì tó ń ra èédú tí mò ń tà. Ó ní tí ìbò bá tún ń bọ̀, àwọn fúnra àwọn ló máa lọ bi ará ìlú, àwọn á sì sọ ohun tí wọ́n bá bá bọ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí ọ̀dọ́ kankan má tún jó ijó ohun tí kò sí. Òfin tó fi lélẹ̀ ni pé wọn ò gbọdọ̀ gba ọkọ̀, wọn ò gbọdọ̀ gba aṣọ, wọn ò gbọdọ̀ gba omi mu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń du ipò. Obìnrin kan ní omi kẹ̀? Yèyé ní kó jẹun yó kó tó jáde nílé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní ìyá abéèrè.

Nígbà tí ìbò alága dé, Gàníyù jáde fún un. Ẹnì kejì tó ń bá a du ipò náà, olùkọ́ kan ni, Dókítà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Gàníyù fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àwọn ìyá abéèrè yìí gan-an nígbà náà. Ó wá jókòó ti Yèyé, ó ní ẹ rí i, Yèyé mi, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni ìlú fẹ́.

Àṣìṣe tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, àwa nìkan la lè ṣe irú rẹ̀. Wọ́n wọ agbo ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n kúnlẹ̀ kí baálé gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí, wọ́n sì béèrè. Ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi tí baálé bá wà? Baálé ló dáhùn, gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu kan, àwọn ìyá kà á sí odindi agbo ilé. Ibi tí Yèyé fúnra rẹ̀ bá tẹ̀lé wọn dé ló tún wá burú jù. Wọn á ní Yèyé, ẹni tí ẹ bá ní ká dì fún náà la máa dì fún, ṣebí Gàníyù ni ọmọ yín? Gàníyù ní Ilare, Gàníyù ní Iremo, Gàníyù nílé gbogbo. Inú Yèyé dùn. Mo fojú ara mi rí i tó ń kọrin níbi tó ti ń gbá ilẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ohun tí mo máa ń rí.

Alhaji kan ní Sábó, tí wọ́n jọ ti ń ṣòwò obì láti ìgbà èwe, ló bu omi sí ayọ̀ náà. Yèyé ń ròyìn fún un, àgbà ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín nínú irùngbọ̀n. Ó ní, “Ìyá Ilare, ẹ lọ bi ènìyàn lójú ìyá ọmọ pé ṣé ọmọ náà dára. Ta lẹ fẹ́ kó sọ pé kò dára?” Yèyé dìde, a padà sílé. Nígbà tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tán, ó ní òkè apẹ̀rẹ̀ lòun ti ń wò láti ọjọ́ yìí.

Ló bá kó gbogbo àwọn ìyá kúrò nínú agbo ilé. Ó ní kí wọ́n lọ dúró síbi ẹ̀rọ omi àti ibi ẹ̀rọ ata, kí ará Iremo lọ sí Sábó, kí ará Sábó wá sí Ilare, kí òun jókòó sílé. Ẹni tó bá wá pọnmi, wọ́n á fún un ní àgbàdo kan, ẹ̀wà kan àti òkúta wẹ́wẹ́ kan. Àgbàdo ni ti Gàníyù, ẹ̀wà ni ti Dókítà, òkúta ni ti ẹni tí kò ní dìbò rárá. Wọ́n á fi aṣọ bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì òróró tó ṣófo, onítọ̀hún á ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, á ju ẹyọ kan sí i, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin kan bi wọ́n pé ṣé ẹ̀wà tó ṣẹ́ kù sóun lọ́wọ́, kóun dá a padà àbí kóun lọ sè é. Ìyá tó mú kẹ́ẹ̀gì ní kó sè é, kó pe àwọn tó bá jinná. Ṣùgbọ́n wọ́n ń jù ú sí i. Ọmọdé ìyàwó ń jù ú, ọlọ́kadà ń jù ú, ẹni tí baálé rẹ̀ ti dáhùn fún tẹ́lẹ̀ ń jù ú. Ẹnì kan bi Yèyé pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ló dára. Ó ní, “Ẹ̀rọ omi ò ní baálé.”

Nígbà tí wọ́n dà á sórí ẹní ní àgbàlá wa, kò sẹ́ni tó nílò kíkà. Òkìtì ẹ̀wà ga ju ti àgbàdo lọ. Kẹ́ẹ̀gì tó ti ọ̀dọ̀ wa ní Ilare bọ̀ nìkan ni àgbàdo ti pọ̀ díẹ̀. Yèyé ní kí wọ́n tún lọ. Wọ́n tún lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà ló rí. Ọ̀kan nínú wọn, tó fẹ́ràn Yèyé dénú, ní ẹ jẹ́ ká bu àgbàdo díẹ̀ sí i, àwa náà la kó o wá, ta ló máa mọ̀? Yèyé ní, “Ọjọ́ ìbò máa mọ̀.”

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ọmọ tí Gàníyù jẹ́ sí i. Ilé kejì sí wa ni wọ́n ń gbé. Ìyá rẹ̀ kú kó tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa, bàbá rẹ̀ sì ń rìnrìn-àjò. Yèyé gbé e wálé, ẹ̀yìn Yèyé àti ẹ̀yìn mi ló gbà dàgbà. Ìmàle ni wọ́n bí i, ṣọ́ọ̀ṣì ni Yèyé ń lọ. Kò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rí. Tí ààwẹ̀ bá dé, Yèyé ló ń dìde dáná sàárì, tó ń jí i, tó sì ń jókòó tì í títí yóò fi jẹun tán, òun fúnra rẹ̀ ò sì ní fi nǹkan kan kan ẹnu. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá a wí. Wọ́n ní ṣé ó mọ̀ pé ọmọ náà kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ kì í sì í ṣe tirẹ̀. Yèyé ní, “Ọlọ́run ò ní bi mí pé ọmọ ta ni. Yóò bi mí pé ṣé ó jẹun.”

Ọmọ yìí ló wá pè sí yàrá, tó sọ fún un pé ẹ̀wà pọ̀ ju àgbàdo lọ. Èmi ló bá wọn gbé omi wọlé. Gàníyù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ìbò kì í ṣe ẹ̀wà, Yèyé. Yèyé sọ ohun tí àwọn ènìyàn ń wí níbi ẹ̀rọ omi fún un: pé àfi tí ìbò bá ń bọ̀ ni wọ́n ń rí i, pé kò mọ ọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní kó má sọ ọ́ síta. Yèyé ní àwọn ìyá ti ṣèlérí fún àwọn tí wọ́n bi pé àwọn á mú èsì padà wá fún wọn. Nígbà tó yá la gbọ́ pé ilé iṣẹ́ rédíò fẹ́ gbọ́ ohùn Yèyé, Gàníyù sì ránṣẹ́ pé òun fúnra òun lòun máa mú wọn wá. Ó dá mi lójú pé ó rò pé Yèyé kò ní lè wo ojú òun níta kó sì sọ ọ́.

Wọ́n dé. Gàníyù àti ọmọbìnrin rédíò wá nínú ọkọ̀, àwọn ọmọ tó ń tẹ̀lé e wá lórí ọ̀kadà, ọ̀kadà kún àgbàlá títí dé ẹ̀bá ibi tí mo kó èédú sí. Olórí wọn ni Rájí, ọkùnrin gíga kan tí kì í bọ́ fìlà. Òjò ṣì ṣú. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí Yèyé, ó mú fóònù tó fi ń gba ohùn jáde. Rájí ní ọ̀rọ̀ kúkúrú làwọn fẹ́, kí Yèyé kàn dárúkọ, ó tán. Ṣẹ́gun wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde láti inú ilé, ó dúró sẹ́yìn àga Yèyé.

Gàníyù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yèyé bí ẹni tó fẹ́ tún gèlè rẹ̀ ṣe. Mo gbọ́ ohun tó wí. Ó ní, “Yèyé, ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Ẹ má dójú tì mí níta.”

Yèyé wò ó pẹ́. Ó ní, “Ilé ni mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọ. O ò gbà á nílé.”

Ọmọbìnrin náà béèrè pé Màmá, ta ló wà níwájú? Yèyé ní ṣé ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń gbà á? Ó ní ó ti ń gbà á, mà. Yèyé wá ní, “Bó bá jẹ́ òní la dìbò, Gàníyù ò ní wọlé. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ọ̀tá mi ni mò ń sọ. Ọjọ́ ìbò kò tíì pé, ó ṣì lè yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ tó wà ní àgbàlá mi yìí, ẹ gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá kà á tó bọ́ sí ibòmíràn, ẹ má sọ pé wọ́n jà yín lólè. Èmi ti sọ fún yín ṣáájú.”

Rájí tẹ̀ síwájú, ó ní Yèyé, ẹ ti pa wá. Yèyé bi í pé ta ló bi kó tó máa sọ fún àwọn ọmọ yìí pé wọ́n ti wọlé? Rájí wo Gàníyù. Yèyé tún bi í. Ojú Rájí lọ sí ẹsẹ̀ Ṣẹ́gun, ó sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “A ò bi ẹnikẹ́ni, Yèyé.”

Gàníyù wọ ọkọ̀ rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ohùn Yèyé ti wà lórí rédíò ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ládùúgbò. Kò sẹ́ni tó ra èédú lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan sọ òkúta sórí páànù wa, ó sì sá. Àwọn aládùúgbò wá ní kí á kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa ní Iremo, nítorí wọ́n gbọ́ pé àwọn ọmọ Gàníyù fẹ́ wá sun ilé. Yèyé ní bí òun bá sá, wọ́n á ní irọ́ lòun pa. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ènìyàn Dókítà tún kọrin wá láti dúpẹ́. Ìyẹn ló bí Yèyé nínú jù ní gbogbo ọjọ́ náà. Kò jẹ́ kí wọ́n wọ àgbàlá. Ó ní, “Mi ò fún yín ní nǹkan kan. Ẹ lọ sílé yín, ẹnikẹ́ni ò tíì dìbò.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìbò ṣe parí báyìí, kó má baà dí wa lọ́wọ́. Gàníyù kò wọlé. Wọ́n kà á, àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n kùn, wọ́n bú ènìyàn, wọ́n sì lọ sílé. Kò sí àdá níta. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń rántí Yèyé kì í ṣe ọjọ́ ìbò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ orí rédíò. Ohun tó ṣe lọ́jọ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ni, nígbà tí ẹ̀rù ṣì ń bà wá, tí a kò mọ ohun tí ọjọ́ fẹ́ bí.

Ó jí mi, ó ní kí n bá òun dá kẹ̀kẹ́ dúró, òun fẹ́ lọ kí Gàníyù. Mo ní Yèyé, ẹ jọ̀ọ́. Ó ní bí n kò bá bá òun lọ, òun á dá lọ. Ilé Gàníyù wà lójú ọ̀nà Òǹdó. Rájí àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ẹnu géètì, wọ́n ní ọ̀gá kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Yèyé kò bá wọn jà. Ó wá búlọ́ọ̀kù kan, ó jókòó lé e, ó ní òun á dúró. Oòrùn yọ sí i lórí, ó ń dúró. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lọ gbé àga wá fún un láìwo ojú Rájí.

Gàníyù jáde nígbà tó yá. Ojú rẹ̀ wú. Ó bi Yèyé pé kí ló tún kù tó fẹ́ ṣe fún òun. Yèyé ní òun wá kí i ni. Gàníyù dúró tì í, kò kúnlẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀. Ó wá béèrè, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ bí ìgbà tó wà ní kékeré, “Yèyé, ẹ̀yin fúnra yín, ta lẹ fẹ́ dìbò fún?”

Yèyé ní, “Ìwọ ni. Ta ni ǹ bá tún dì fún? Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni mo ní, Gàníyù. Mi ò lè fi ẹyọ kan bo ẹnu gbogbo ìlú.”

Gàníyù yọ fìlà, ó fi nu ojú. Yèyé na ọwọ́ sí i pé kó fa òun dìde. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kẹ̀kẹ́ ti gbọ̀n òun jù, kó fi ọkọ̀ gbé òun délé. Mo rò pé yóò ní kí dírẹ́bà gbé wa. Òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ náà. Yèyé jókòó níwájú, èmi wà lẹ́yìn. Amúlétutù ń fẹ́, gíláàsì dúdú, a kò gbọ́ ariwo kankan títí a fi wọ Ilare. Ibẹ̀ ni mo ti rí wọn, àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀gbẹ́ títì lọ́tùn-ún lósì, àwọn tó wà ní àgbàlá wa lánàá àti àwọn tí n kò mọ̀ rí, wọ́n ń wo ọkọ̀ Gàníyù tó ń bọ̀.

Yèyé ní kó rọra máa lọ. Ó rọra ń lọ. Yèyé ní, “Sọ gíláàsì kalẹ̀.”

Gàníyù ní eruku á wọlé.

Yèyé ní, “Jẹ́ kó wọlé. Sọ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n rí àwa méjèèjì.”